Ọjọ́ Tí Ìdàpọ̀ Dé Yàrá Mi ní Alákijà

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni obìnrin náà pe iṣu kan. Ẹ má rò pé mo ṣì í kà o, iṣu kan ṣoṣo ni. Mo gbé e, mo yí i lójú, mo yí i nídìí, mo rí i pé ìdí rẹ̀ ti ń rọ̀. Mo wá bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹni tó gbìn ín wà nínú ẹ̀ ni, àbí kí ló dé tó fi wọ́n tó báyìí?"

"Ará oko," ló pè mí. "Bí o bá fẹ́ iṣu ọ̀fẹ́, padà sí oko yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju owó iṣu lọ, torí òótọ́ ni. Ìgbẹ̀tì ni mo ti wá. Lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá ń kọjá lọ lẹ́bàá oko ẹlòmíì, tó sì kí olóko dáadáa, ó ti tó kó gbé iṣu relé. Mo ti lo oṣù mẹ́ta gbáko ní Èkó nígbà yẹn, iyán ò tíì kan ẹnu mi. Ni mo bá la ohùn. Ohùn mi kì í ṣe ohùn kékeré, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi máa ń sọ pé bí mo bá pe ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé wa, ewúrẹ́ abúlé kejì ló ń kọ́kọ́ dáhùn. Mo bú iṣu náà, mo bú ebè tó ti jáde, mo bú ọkọ̀ tó gbé e wọ Èkó. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó rí eré tí wọn ò san owó ìwọlé rẹ̀.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn.

"Sístà, ohùn yìí ò yẹ kó máa ṣòfò sórí iṣu. Ṣé ẹ máa ń kọrin?"

"Nílé ìwẹ̀," ni mo dá a lóhùn.

"Ẹ wá kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Bí mo ṣe mọ Àǹtí Moní nìyẹn. Mi ò ra iṣu náà. Mo gba àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì dípò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹlòmíì á ní, ṣé láti Ìgbẹ̀tì sí Èkó náà lẹ ń pè ní ìlú àjèjì? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ibi tí èèyàn ti ń ra omi mu, tó ń ra omi wẹ̀, tó tún ń sanwó kó tó tọ̀, àjò ni. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni mò ń sọ, síbẹ̀ mo ní láti dúró kí ọ̀rọ̀ balẹ̀ kí n tó mọ ohun tí wọ́n wí. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ mú bàtà kan, ó sọ pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi kíìpù ẹ̀, mò ń kọ́ọ̀mù báàkì." Mo gbọ́ "Mọ́mì", mo gbọ́ "ẹ bá mi", ìyókù kọjá lọ bí ọkọ̀ tí kò ní búrẹ́ẹ̀kì. Mo bá ta bàtà náà fún ẹlòmíì. Nígbà tó padà dé, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bú mi. Ìyẹn ò dùn mí o, ṣebí mi ò gbọ́ ọ.

Bàtà òkìrìkà ni mò ń tà, lórí ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ṣà. Bàtà tí àwọn òyìnbó wọ̀ títí tó fi sú wọn, tí wọ́n wá dì ní béélì fún wa. Màá fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, màá fi pólíìṣì kùn ún, màá ki bébà sí i nínú kó lè yọ àyà bí ọkọ ìyàwó, títí yóò fi gbàgbé pé ẹnìkan ti wọ òun rí. Èmi náà gbìyànjú láti fọ ara mi bẹ́ẹ̀. Mo fọ Ìgbẹ̀tì kúrò lẹ́nu mi, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi "háù fáà" kí èèyàn. Ṣùgbọ́n tí inú bá ti bí mi báyìí, gbogbo pólíìṣì á ṣí.

Alákijà ni mo gba yàrá sí, ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ, yàrá mẹ́jọ. Ìdájí ni kálukú ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni kálukú ń wọlé, ikọ́ la fi ń dá ara wa mọ̀. Mo mọ ẹni tó ní ikọ́ gbígbẹ, mo mọ ẹni tó ní ikọ́ olóyìnbó tó ń fọwọ́ bo ẹnu. Ojú wọn ni mi ò mọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi inú kẹ́tù tán lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, inú mi dùn, mo rá lọ ṣí i. Ẹni tó ń pín bíìlì iná ni.

Ìyá mi pè lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì ṣe aṣiṣe, mo sọ fún un.

"Ta ló wá wò ọ́?"

"Oníná mọ̀nàmọ́ná."

"Má bá mi ṣàwàdà. Ta ló mọ ojúlé rẹ ní Èkó yẹn?"

"Màmá, èmi mọ̀ ọ́n."

"Bí o bá kú síbẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò pè mí?"

"Ẹ̀yin ni ẹ máa pè. Tí mi ò bá gbé e, ẹ mọ̀ pé mo ti lọ nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, kò bá mi rín in. Ó tún béèrè, jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní: "Mo ní, ta ló mọ ojúlé rẹ?" Káàdì tán, tàbí ó pa á fúnra rẹ̀, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ara mi ò ti gbélẹ̀ mọ́. Mo ń wá ẹni tí yóò mọ ojúlé mi. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ Olúwa nìkan ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì Àǹtí Moní, ẹ má gbà á gbọ́. Ìfẹ́ Olúwa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá mi ló ń tì mí lẹ́yìn.

Ní Amúwo ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fẹ̀yìn tì ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn bàbá tó ń rọra rìn bí ẹni pé fáìlì ṣì wà lábíyá wọn. Mo ní mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin. Olórí akọrin jẹ́ ọmọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò tó fún un débi pé àánú ṣe mí. Ó ní kí n kọrin, mo kọ ọ́. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Sístà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu máìkì."

Mo sún.

"Díẹ̀ sí i."

Mo sún títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri. Ó ní, "Ó dáa, ibẹ̀ yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa dúró." Ibẹ̀ ni mo sì dúró lóòótọ́, èmi àti fáànù tó ti bàjẹ́.

Ìṣòro kejì ni pé ara ògiri ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ orin sí, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, tàbí òun ló fi mí sílẹ̀. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, inú Bíbélì ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Torí náà màá kàn máa ya ẹnu, màá máa pa á dé, ojú mi á gbẹ bíi ti adájọ́, títí a ó fi dé ibi tí "Halelúyà" wà. Ìyẹn ò gba ìwé. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń san gbèsè gbogbo ohun tí mo ti jẹ sílẹ̀, àwọn ará iwájú á sì máa bojú wẹ̀yìn.

Ó sú mi. Mo lọ bá àwọn tó ń júwe àga fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lò. Bàbá kan dé nígbà tí wọ́n ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìmúra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n ní ẹnu mi ò bá iṣẹ́ náà mu. Mo lọ bá àwọn tó ń gbálẹ̀, ìyẹn náà ò gbà mí: mò ń gbálẹ̀, mò ń kọrin, wọ́n ní mò ń dí àwọn tó wá gbàdúrà lọ́wọ́. Mo padà sídìí ògiri mi. Olórí akọrin wá sọ fún mi pé wọn ò lè fún mi láṣọ akọrin. Ó ní ẹni tí kò bá sí nínú Ìdàpọ̀ Ilé kan, kò tíì di ọmọ ìjọ, kò sì lè wọṣọ iṣẹ́ ìjọ.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"A máa ń lọ sí ilé ara wa lọ́jọọjọ́ Sunday, láago márùn-ún. Ilé ẹni yìí lónìí, ilé ẹni yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ó kọrin, a ó ka Bíbélì, a ó gbàdúrà."

Ilé ara wa! Kí odindi Ìdàpọ̀ kan mọ ojúlé mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìdàpọ̀ tí Àǹtí Moní wà ni mo wọ̀. Ilé Mọ́mì Díkínẹ́ẹ̀sì ni a kọ́kọ́ lọ, nínú ẹ́sítéètì Amúwo. Mọ́mì ti ṣe ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba rí, títí dòní tó bá sọ̀rọ̀, èèyàn á fẹ́ wá ibi tí yóò fọwọ́ sí. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń bọ́ bàtà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìpàdé ti parí lójú tèmi. Mi ò tíì rí ojú ẹnikẹ́ni, mo ti mọ gbogbo wọn. Bàtà Bọ̀dá Líídà tó ń darí wa, wọ́n ti rán ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkùnrin tó ń bo àìní mọ́lẹ̀ ni. Bàtà Àǹtí Moní jẹ lápá òsì, ẹsẹ̀ ẹni tó ń dúró pẹ́. Ti Mọ́mì wà lápá kan, awọ pupa rẹ́súrẹ́sú, rírọ̀ bí etí ọmọ tuntun, kò sí ìhunjọ lára rẹ̀. Mo wo tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tèmi ló dára jù. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn, èmi tí mo tòṣì jù níbẹ̀ ni mo wọ bàtà tó dára jù.

Wọ́n ní òfin kan. Ẹni tó bá gbàlejò, ẹ̀pà àti omi nìkan ni kó gbé kalẹ̀. Wọ́n ní nígbà kan, ẹnìkan gbé mítí páì kalẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e gbé ìrẹsì díndín, ẹ̀kẹta gbé adìyẹ odidi, ni Bọ̀dá Líídà bá ké gbàjarè. Òfin wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ inú àwo ẹ̀pà Mọ́mì, mo kan ẹran nísàlẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Ó wo òrùlé. Mo jẹ ẹran náà, mo gbàdúrà fún òfin.

Bí àga ṣe tò ni wọ́n fi ń gba Ìdàpọ̀ lálejò. Nígbà tó kàn mí, Bọ̀dá Líídà ka orúkọ Àǹtí Moní, ó fò mí, ó ka ti ẹni tó tẹ̀ lé mi. Mo rò pé ó gbàgbé ni. A tún yí i po, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, a dé ẹ́sítéètì Ráájì Ràsákì, a padà sí Amúwo, a wọ inú àwọn kílóòsì Fẹ́sítáàkì, òpópó kéékèèké tí gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Ó kàn mí, ó tún fò mí.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Òṣèlú kò sí nínú ẹ̀, ọ̀tá kò sí nínú ẹ̀. Àánú ni. Ẹ wá rí mi, mi ò bẹ̀rù ìjà, a ti jọ ń gbé. Àánú ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Ẹni tó bá bú ọ, ó ka ẹ sí ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń ṣàánú rẹ ti gbé àga tirẹ̀ sókè kó tó sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yẹn, mi ò lè jókòó sójú kan. Mò ń fọ bàtà tí mo ti fọ̀. Oníbàárà á béèrè iye, màá dáhùn pé, "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ fò mí ni?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n fò mí lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ilé Mọ́mì la wà. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe tèmi?"

Bọ̀dá Líídà wo Mọ́mì. Mọ́mì rọra gbé gíláàsì omi rẹ̀ sílẹ̀.

"Sístà mi, a ò fẹ́ ni ọ́ lára ni. A gbọ́ pé yàrá kan lo ní."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì dé bẹ̀, Mọ́mì, báwo lẹ ṣe kà á?"

"Ènìyàn mọ́kànlá ni wá. Níbo la ó jókòó sí?"

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Àga tìmùtìmù yín yìí dùn, ṣùgbọ́n ìdajì wa ń sùn nínú ẹ̀. Bọ̀dá Líídà fúnra wọn han-run nígbà tí a ń gbàdúrà lónìí, àwa ṣe Àmín sí i. Lọ́dọ̀ tèmi, kò ní sí àyè oorun."

Àǹtí Moní fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Bọ̀dá Líídà wúkọ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ Sístà, ní Alákijà."

"Kí Ọlọ́run ṣọ́ wa," ni Mọ́mì wí, bí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Mo pe ìyá mi kí n tó dé ilé.

"Wọ́n ń bọ̀, Màmá. Ènìyàn mẹ́wàá."

"Gún iyán fún wọn."

"Ẹ̀pà àti omi ni òfin wọn."

"Òfin wo ni yóò sọ pé kí àlejò má jẹun? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ẹ̀wọ̀n?" "Bí wọn ò bá wá ńkọ́?"

Ohun tí èmi náà ń bẹ̀rù nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì fara ti ògiri, mo fi àpò bàtà sí igun yàrá, mo ta aṣọ bò ó. Mo yá bẹ́ǹṣì méjì. Ẹni tó yá mi ni Ìyá Ràfíà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ yàrá tó kọjú sí tèmi ní oṣù méjì sẹ́yìn. Obìnrin gidi ni, ikọ́ tiẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, mo máa ń tẹ́ tapólì síwájú ilẹ̀kùn mi, màá to bàtà tí mo bá fọ̀ sórí rẹ̀ kó gbẹ, àwọn ará ilé àti àlejò wọn á sì máa rà níbẹ̀. Tí mi ò bá sí nítòsí, Ìyá Ràfíà ló ń bá mi tà á, èmi á sì fún un ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹnìkan ti fọ aṣọ, omi ọṣẹ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò fẹ́ kí bàtà àlejò mi rin. Mo bá tẹ́ tapólì sílẹ̀.

Aago márùn-ún lù, kò sí ẹnìkan. Márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, kò sí. Mo tún ilẹ̀ tí mo ti gbá gbá. Mo ti ń ro irọ́ tí màá pa fún ìyá mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan nínú ọgbà:

"Ṣé ibí ni àbí ọ̀hún? Gbogbo ilẹ̀kùn yìí ló jọ ara wọn!"

Mọ́mì Díkínẹ́ẹ̀sì ni, tòun ti gèlè, ó ṣíwájú gbogbo wọn bí ẹni tó kó ọmọ ilé-ìwé jáde. Ẹni mẹ́sàn-án tò tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn bọ́ bàtà sórí tapólì, wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo wọlé kẹ́yìn. Kí n tó wọlé, ọwọ́ mi tí kì í gbélẹ̀ yìí, mo bẹ̀rẹ̀, mo to bàtà wọn: ti ọkùnrin lápá kan, ti obìnrin lápá kan, kékeré síwájú, ńlá sẹ́yìn, ẹnu gbogbo wọn sí ìta. Mo fi ìdí aṣọ mi nu ti Mọ́mì. Ó dán. Inú mi dùn, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ará, mo kọrin lọ́jọ́ yẹn. Kò sí máìkì tí wọn yóò ní kí n sún kúrò nídìí rẹ̀. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì lára ògiri, kàlẹ́ńdà nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo dá orin, orin tí à ń kọ ní Ìgbẹ̀tì tí ẹ̀bù iṣu bá hù, orúkọ Jésù ni mo fi rọ́pò iṣu. Wọ́n gbè é. Orúnkún Mọ́mì wà lára orúnkún mi, kò sí ibòmíì tí yóò gbé e sí. Bọ̀dá Líídà kò sùn. Ó fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n igun bẹ́ẹ̀dì ń gún un. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi gbàdúrà lé lórí, èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi, ọ̀rọ̀ wọ́n mi. Mo kàn ń wo ojú wọn nínú yàrá mi. Àǹtí Moní bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà láìdúró dè mí, gbogbo wa di ojú, a sì gbà á pẹ́.

A jẹ ẹ̀pà. Mi ò fi ẹran sábẹ́ rẹ̀, iyán ni mo fi sí i, wọ́ọ̀rọ̀wọ́, nínú ewé. Bọ̀dá Líídà ní òun ò rí nǹkan kan.

A ṣí ilẹ̀kùn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ojú mi ti kà á. Bàtà mẹ́sàn-án. Ti Mọ́mì ò sí níbẹ̀.

Mo rò ó lójú kan náà: ó parí. Wọn ò ní wá mọ́. Wọ́n á máa sọ ọ́ ní gbogbo ẹ́sítéètì Amúwo pé wọ́n lọ gbàdúrà ní Alákijà, olè kó wọn ní bàtà.

Ìyá Ràfíà jáde sí wa, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Oníbàtà, ẹ kú orin o! Mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Mo ti bá yín tà á. Pupa yẹn. Obìnrin kan tó wá kí wọn ní yàrá kẹfà, kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ná an. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà!"

Àǹtí Moní di ògiri mú. Mọ́mì dúró lórí ibọ̀sẹ̀, ó na ọrùn.

"Ẹ ta kí ni?"

"Bàtà, Mọ́mì." Ìyá Ràfíà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo tapólì, ó wò mí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ tò ó! Wọ́n tò ó bí ọjà, ẹnu rẹ̀ síta, ó ń dán! Ta ni yóò wí pé kì í ṣe ọjà?"

"Èmi ni mo tò ó," ni mo wí. Ohùn mi kéré lọ́jọ́ yẹn. "Mọ́mì, ẹ̀bi mi ni."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà," ni Mọ́mì wí.

"Mọ́mì, mo bẹ̀ yín..."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà! Bàtà tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù! Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà! Irú ọjà wo lẹ̀ ń tà níbí? Ṣé ẹ ò mọ awọ ni?" Ó yíjú sí Ìyá Ràfíà. "Kò tilẹ̀ ná an? Ẹ̀yin náà ò sì fura?"

"Mọ́mì, mo ní ẹgbẹ̀rún méje tẹ́lẹ̀," ni Ìyá Ràfíà wí, bí ọmọ tí wọ́n mú níbi ìdánwò.

"Ẹgbẹ̀rún méje náà, ìtìjú ni!"

Bọ̀dá Líídà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́, kò gbà fún un. Àǹtí Moní jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ẹ̀rín mú Mọ́mì náà níkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti gèlè, ó mì ún títí gèlè fi wọ́. Àwọn ará yàrá tí mi ò mọ ojú wọn rí ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ń rín ẹ̀rín kí a tó ròyìn fún wọn. Wọ́n ní obìnrin náà ti wọ bàtà náà lọ.

Mọ́mì padà wọ yàrá mi, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀.

"Mi ò lè fi ibọ̀sẹ̀ dé Amúwo. Tú àpò yẹn wá."

Mo tú u. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju èyí, ó ju tọ̀hún, ó tẹ ìdí rẹ̀, ó gbóòórùn inú rẹ̀. Mo ti ń wo ọ̀gá yìí fún oṣù márùn-ún, mi ò mọ̀ pé ó mọ bàtà ṣà tó báyìí. Ó mú dúdú kan, ó bá a mu rẹ́gí.

"Èló?"

"Mọ́mì, ẹ máa mú un lọ."

"Mo béèrè iye rẹ̀ ni."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

"Ẹgbẹ̀rún méjì."

Inú bí mi, ẹ dárí jì mí. "Méjì kẹ̀? Ṣé ẹ rí ìdí rẹ̀ ṣá? Awọ nìyẹn o!"

"Awọ èwo? Ìwọ tí o ta awọ gidi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, o ń fi awọ halẹ̀ mọ́ mi?"

A ná an débi tí ènìyàn fi kún ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin la fẹnu kò sí. Mo gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ́wọ́ Ìyá Ràfíà, owó Mọ́mì ni, mo yọ owó bàtà, mo fún Mọ́mì ní ṣéńjì ẹgbẹ̀rún méjì àti ọ̀ọ́dúnrún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sí pọ́ọ̀sì. Ó wá yíjú sí Bọ̀dá Líídà.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ibí la ó ti ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ náà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń wá kí yàrá kẹfà."

Wọ́n lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo dúdú yẹn tó ń bá Mọ́mì lọ lójú pópó, ó gbé e dáadáa. Ìyá Ràfíà fọwọ́ tọ́ mi níhà.

"Ìyá Oníbàtà, ẹ má bínú o. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mi ńkọ́?"

Mo wò ó. Ó wò mí, kò sẹ́jú. Mo fún un. Mo ka èyí tó kù sí mi lọ́wọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba náírà.